Ìrínisí ni Ìsọnilọ́jọ̀: Ìwà Àwọn Awakọ̀ sí Ọkọ̀ Kékeré Lójú Pópó

Àwọn àgbà ní, "Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀." Ìtumọ̀ òwe yìí ni pé bí a bá ṣe rí ènìyàn ni a ṣe máa ń bá a lò. Ẹni tó wọ agbádá tó jọjú dé ibi àpèjẹ, àga iwájú ni wọn yóò fi lọ̀ ọ́. Ẹni tó wọ àkísà dé, wọn a kọ́kọ́ bi í pé ta ló ń wá. Nínú kíláàsì, ibi aṣọ àti ìmúra ni àwa olùkọ́ máa ń fi àlàyé òwe yìí mọ sí. Mo fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n kọ́ èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ibẹ̀ náà sì ni èmi pàápàá fi mọ sí. Ojú títì ni mo ti wá rí i pé òwe náà ń ṣiṣẹ́ níbi tí a kò ti rí aṣọ ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ pé ọkọ̀ tí a wà nínú rẹ̀ ni ó di aṣọ fún wa.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí, ìwà tí àwọn awakọ̀ yòókù máa ń hù sí ọkọ̀ kékeré ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wa Micra, Picanto, Starlet tàbí Yaris láti Ìbàdàn lọ sí Èkó tàbí sí Ifẹ̀ yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹni tí kò bá tíì wa ọkọ̀ rí, bí ó bá ti jókòó sẹ́yìn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò ti rí i pẹ̀lú.

Bí ó ṣe máa ń rí nìyí. Ẹ wà lórí eré tí òfin gbà, ẹ kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Lójijì ni iná ńlá tàn nínú dígí tí ẹ fi ń wo ẹ̀yìn, tí ó ń ṣẹ́jú lemọ́lemọ́. Kí ẹ tó mira, bọ́ọ̀sì ti lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ yín débi pé ẹ kò rí nọ́ńbà ara rẹ̀ mọ́, àfi gíláàsì iwájú rẹ̀ nìkan. Ó tẹ fèrè, ó tún tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá yà fún un, yóò kọjá, yóò sì já wọ iwájú yín bí ẹni pé kò sí ẹ̀dá kankan níbẹ̀, tí ẹ ó fi tẹ bíréèkì ní àpàpàǹdodo. Bí ẹ kò bá yà, yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ yín, yóò máa tì yín lọ sí etí ọ̀nà, yóò sì na ìka márààrún sí yín láti ojú fèrèsé. Bí ó bá jẹ́ obìnrin ló ń wa ọkọ̀ náà, ẹ fi "Lọ jókòó sí ilé ìdáná ẹ" kún un.

Ẹ wá wo awakọ̀ kan náà nígbà tí jíìpù dúdú ńlá bá wà níwájú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀ lórí fèrè. Yóò fi àyè sílẹ̀. Ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé, ta ló mọ̀ bóyá ọ̀gá ọlọ́pàá ló wà nínú rẹ̀, bóyá olóṣèlú ni. Ní oríta tí kò sí ẹni tó ń darí ọkọ̀, ó máa ń dúró de jíìpù. Ní ti ọkọ̀ kékeré, ńṣe ni yóò kàn ti imú ọkọ̀ tirẹ̀ bọ iwájú, nítorí ó mọ̀ pé dandan ni kí èkejì dúró.

Orúkọ tí a fún ọkọ̀

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a wo èdè wa fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni Yorùbá ń pe ọkọ̀ tí ènìyàn fi ń ṣe ẹsẹ̀ rìn. Yọ́ ni kí ènìyàn rìn láìpariwo, bí ológbò ṣe ń yọ́ rìn. Kẹ́lẹ́ ni ti ohùn tó rọlẹ̀, òun náà ló wà nínú kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àwọn tó sọ ọkọ̀ yìí lórúkọ gbọ́ bí ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ń bú ramúramù kọjá, wọ́n sì rí èyí tó rọra ń yọ́ lọ, ìwà rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ wá fi í wé bọ́lẹ̀kájà. Àwọn òbí wa àgbà mọ ọkọ̀ yìí dáadáa. Ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi pákó kan ara rẹ̀ ni, tí èrò àti ẹrù jọ máa ń wà nínú rẹ̀. Bọ́ sílẹ̀ kí a jà ni orúkọ náà. Ìjà tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ lórí àyè, lórí owó ọkọ̀ àti lórí ẹni tó tẹ ẹnìkejì mọ́lẹ̀ ló mú un wá. Ẹ rí i pé orúkọ kan ń sọ nípa ìrọ̀rùn, èkejì ń pe ènìyàn síta fún ìjà, ojú títì kan náà ni àwọn méjèèjì sì jọ ń rìn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ńlá àti ọkọ̀ kékeré kò bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ọkọ̀ tí èmi fi kọ́ ìwakọ̀ ni Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó yọ gọ̀ngọ̀ bí igbá ahun. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń tò ó pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ tó wà ní Ọ̀jọ́, nílùú Èkó, ó sì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn akọ̀wé ìjọba. Wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò lè sáré. Ṣùgbọ́n nígbà náà, bí ènìyàn bá rí ìjàpá lójú ọ̀nà, ohun tó máa ń sọ ni pé tíṣà ló ń bọ̀. Orúkọ iṣẹ́ wa ń bá ọkọ̀ rìn. Ọkọ̀ kékeré ti òde òní kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ mọ́. Tòkunbọ̀ lásán ni lójú ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni"

Ní ọdún 2016, mo ń wa Micra mi láti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ fún ìsìnkú kan. Kí n tó dé Àṣejirè ni bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún kan ti wà lẹ́yìn mi. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo wà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń fà lọ díẹ̀díẹ̀ ní ọwọ́ òsì, nítorí náà ojú ibi tí mo wà gan-an ni bọ́ọ̀sì náà fẹ́ gbà kọjá. Ó tan iná, ó tẹ fèrè. N kò ní ibi tí mo lè yà sí. Nígbà tí ó sún mọ́ mi débi pé mo gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bí ẹni pé inú ọkọ̀ mi ló wà, mo bọ́ kúrò lórí ọ̀dà. Táyà ọ̀tún méjèèjì gorí òkúta wẹ́wẹ́, ọkọ̀ yọ̀, ó yí ìdí díẹ̀ kí ó tó dúró. Láti ibi tí mo dúró sí dé inú kòtò ọ̀gbàrá kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Bí bọ́ọ̀sì ṣe ń kọjá, awakọ̀ yọ orí síta, ó ní, "Ṣé o ò ríran ni? Gbé páálí ẹ kúrò lọ́nà!"

Mo jókòó síbẹ̀ títí àyà mi fi wálẹ̀. Nígbà tí mo dé Ìkirè, mo rí bọ́ọ̀sì náà. Àwọn èrò ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń ra dòdò. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀. N kò tilẹ̀ mọ ohun tí mo fẹ́ lọ sọ. Bí mo ṣe jáde pẹ̀lú ìró àti bùbá mi, gèlè ti yẹ̀, irun funfun ti yọ síta. Awakọ̀ náà kò lè ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó wo ọkọ̀, ó wò mí, ó tún wo ọkọ̀. Ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Kò mọ̀ mí rí. N kò kọ́ ọ ní ilé-ìwé, a kì í sì í ṣe ará àdúgbò kan náà. Mo bi í pé, "Tó bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún ló wà níbẹ̀ ńkọ́?" Kò rí èsì fọ̀. Ó tún ní kí n má bínú. Àwọn èrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé kí n fọwọ́ wọ́nú, pé ọmọ dáadáa ni. Mo gbà pé ọmọ dáadáa ni. Ohun tó ń dà mí láàmú títí di òní nìyẹn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo gbólóhùn awakọ̀ yìí bí a ṣe ń wo gbólóhùn nínú gírámà. "Ẹ̀yin" tó sọ kì í ṣe èmi lágbájá. Ohun tó ń sọ ni pé òun kò mọ̀ pé ẹni tí à ń pè ní "ẹ̀yin" ló wà nínú ọkọ̀ náà. Ní Àṣejirè, "o" ni mo jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ní Ìkirè, mo di "ẹ".

Èdè Yorùbá kì í jẹ́ kí a bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láìyan ọ̀kan nínú méjèèjì. Bí a bá ti la ẹnu pe ẹnìkan, a ti sọ bóyá àgbà ni sí wa tàbí ẹgbẹ́ wa. Kí ni a fi ń yàn? Ojú ni. Àwọn àgbà ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà." A ó wo ojú, a ó wo irun, a ó wo ìrìn, a ó sì mọ ohun tó yẹ. Ọ̀wọ̀ wa, ìkúnlẹ̀ wa, ìdọ̀bálẹ̀ wa, ojú ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo wọn. Nínú ọkọ̀, a gbé ojú pamọ́ sẹ́yìn irin àti gíláàsì. Awakọ̀ tó wà lẹ́yìn kò rí irun funfun, kò rí oyún, kò rí ọmọ tó ń sùn. Ìdí ọkọ̀ ló rí. Ó ṣì gbọ́dọ̀ yan "o" tàbí "ẹ" nínú ọkàn rẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Nígbà tí kò rí ojú, ó fi ọkọ̀ yàn. Jíìpù di "ẹ". Micra di "o".

Ẹ tún wo bí ojú ṣe pọ̀ tó nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ìwà yìí. A ń sọ pé ó fojú di mi, ó fojú tẹ́ńbẹ́lú mi, ó fi ojú tín-ín-rín wò mí. Ohun tó tín-ín-rín ni ohun tí kò nípọn, tí kò fẹ̀. Èdè ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí a kò kà sí, a ti sọ ọ́ di kékeré lójú ara wa ná. Bí ọkọ̀ bá wá kéré lóòótọ́, iṣẹ́ ojú ti parí.

Kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àrùn Yorùbá tàbí ti Nàìjíríà nìkan ni. Ní ọdún 1968, Anthony Doob àti Alan Gross, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde láti ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí ọkọ̀ kan dúró níwájú iná tó ń darí ọkọ̀. Nígbà tí iná bá di àwọ̀ ewé, tó yẹ kí gbogbo ènìyàn máa lọ, ọkọ̀ yìí kò ní kúrò lójú kan, wọ́n á sì máa ka ìṣẹ́jú-àáyá tí yóò gbà kí ẹni tó wà lẹ́yìn tó tẹ fèrè. Nígbà mìíràn ọkọ̀ ńlá olówó iyebíye ni wọ́n lò. Nígbà mìíràn, ọkọ̀ mẹ̀kúnnù tó ti gbó. Nínú ọgọ́rùn-ún, 84 ló tẹ fèrè sí ọkọ̀ mẹ̀kúnnù, 50 péré ló tẹ̀ ẹ́ sí ọkọ̀ olówó. Àwọn méjì kò tilẹ̀ tẹ fèrè rárá, ńṣe ni wọ́n fi ọkọ̀ wọn ta ìdí ọkọ̀ tó gbó náà.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú ìwádìí náà ni ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì pé èwo ni wọ́n rò pé àwọn máa tètè tẹ fèrè sí. Àwọn ọkùnrin ní ọkọ̀ olówó ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú títì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò sí ẹni tó máa ń jẹ́wọ́ pé òun ń fojú tín-ín-rín ẹlòmíràn. Bóyá kò mọ̀ pàápàá.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n fi wọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn ju ọ̀rọ̀ kékeré àti ńlá lọ. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, èwo ni ìyàtọ̀?

Ìwúwo, eré àti òfin

Òdodo kan wà tí ó yẹ kí n sọ. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àfojúdi. Ẹni tó ń wa tírélà jókòó sókè réré. Ọkọ̀ kékeré tó bá wọ abẹ́ imú ọkọ̀ rẹ̀, tàbí tó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún, lè má hàn sí i rárá. Bí ẹ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ńlá, ẹ wo dígí rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ojú awakọ̀ nínú dígí náà, òun náà kò rí yín. Ẹ tún rí i, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bú tírélà pé ó fẹ́ pa òun jẹ́ ẹni tó ti ń bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún níbi tí kò ti lè rí i.

Yálà ó rí yín tàbí kò rí yín, ìwúwo kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ńsì, ẹ bá mi ṣírò èyí. Tánkà tí a sábà máa ń rí lójú ọ̀nà wa ń gbé 33,000 lítà epo bẹtiróò. Lítà kan bẹtiróò kò pé kìlógíráàmù kan, ẹ jẹ́ kí a sọ pé ó jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Epo nìkan ti fẹ́ẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 25, kí a tó ka irin, táyà àti ẹ́ńjìnnì. Micra kan wọn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan. Nígbà tí irú tánkà bẹ́ẹ̀ bá tẹ fèrè mọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nídìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá ara wọn sọ.

Ẹ tún ṣírò eré. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń fi mítà bíi 28 sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí ojú tó rí, kí ọkàn tó mọ̀, kí ẹsẹ̀ tó dé orí bíréèkì, ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò ti lọ. Ẹni tó fi mítà márùn-ún péré sílẹ̀ láàárín òun àti yín yóò ti dé inú ọkọ̀ yín kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbéra. Kí ló ń lé? Bí ìrìn bá jẹ́ kìlómítà 80, ẹni tó sá 80 yóò lo wákàtí kan, ẹni tó sá 100 yóò lo ìṣẹ́jú 48. Ìṣẹ́jú méjìlá. Ẹni tó ra dòdò ní Ìkirè ti ná an tán.

Òfin pàápàá kò gbè sẹ́yìn ọkọ̀ ńlá. Ìwé òfin ìrìnnà Nàìjíríà sọ pé lójú ọ̀nà márosẹ̀, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, bọ́ọ̀sì àti takisí kò gbọdọ̀ kọjá 90, tírélà àti tánkà kò sì gbọdọ̀ kọjá 60. Nítorí náà, bí Micra bá ń sá 80, tí tánkà wá ń ṣẹ́ iná sí i nídìí, kò sí bí a ṣe fẹ́ tò ó, tánkà ló rú òfin. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni irú ìṣọ́ ojú pópó bẹ́ẹ̀ ti gbèrú, nítorí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè wà ní gbogbo kìlómítà. Fún awakọ̀ tó ń fi ìwúwo ọkọ̀ dá ẹlòmíràn lágara, òwe ti wà nílẹ̀ tipẹ́: "Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ."

Abẹ́rẹ́ àti adìyẹ

Àwa tí a ń wa ọkọ̀ kékeré náà ní òwe tí a fi ń gbèjà ara wa. "Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kọ̀ láti yà fún bọ́ọ̀sì, tó di ọwọ́ mú, tó ní ẹnì kan kì í kéré sí ọ̀nà. Òwe tòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kà á dé òpin. Òwe náà kò sọ pé adìyẹ kò lè gbé abẹ́rẹ́ mì. Ó ń kìlọ̀ fún adìyẹ ni. Bí adìyẹ kò bá gbọ́ ìkìlọ̀, tó gbé e mì, adìyẹ á kú, abẹ́rẹ́ á sì wà nínú ikùn òkú adìyẹ. Ta ló jàǹfààní? Ẹ̀yin olùkọ́, ibi tí mo ti rí i pé àwọn ọmọ máa ń ṣi òwe yìí lò nìyí. Wọ́n máa ń gbọ́ ọ bí ìhalẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ń ṣe.

Òwe kejì tí wọ́n máa ń ṣì lò lójú títì ni "Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra." Ìtùnú ni òwe yìí níbi òwò àti níbi ipò, pé ọlá ẹnìkan kò dí ti ẹnìkejì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run kò ní etí. Títì ní etí, kòtò sì wà létí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo òwe yìí fún ọ̀nà márosẹ̀ kò tíì bá bọ́ọ̀sì pàdé ní Àṣejirè.

A sì ní ẹ̀bi tiwa. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà, mo rántí bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa bí a ó ṣe máa wo ọ̀nà kí a tó kọjá. Láti ìgbà náà, ọwọ́ òsì lójú ọ̀nà olójú méjì jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ kọjá lára ẹlòmíràn. Síbẹ̀ ẹ ó rí ọkọ̀ kékeré tó ń rìn ní 60 ní ọwọ́ òsì, tí gbogbo ènìyàn tò sẹ́yìn rẹ̀, tí awakọ̀ rẹ̀ ń sọ pé ìjọba ló ni ọ̀nà. Ẹni yẹn kò lè fi gbogbo ẹ̀bi sórí àfojúdi àwọn tó wà lẹ́yìn.

Ẹ tún wo Ìbàdàn. Níbẹ̀, Micra ni takisí. Ọkọ̀ kékeré kan náà tó ń gbọ̀n lójú ọ̀nà márosẹ̀ ni ó ń halẹ̀ nínú ìlú, tí ó ń dúró láàárín títì láti gbé èrò, tí ó ń já wọ iwájú ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Maruwa. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ̀kẹ́ Maruwa ń ṣe sí ọ̀kadà, ọ̀kadà ń ṣe é sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tí kò sì ní ẹni tí yóò ṣe é sí náà ni ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́ kọjá títì ní aago méjì ọ̀sán. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí fún ilé-ìwé. Gbogbo "o" tí a ń sọ sísàlẹ̀ láti orí tánkà wá, orí ọmọ yẹn ló ń já sí.

Ohun tí ọmọ ń gbọ́ lẹ́yìn ọkọ̀

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọmọ kì í kọ́ ìwakọ̀ ní ọmọ ọdún 18. Láti ọmọ ọdún mẹ́rin ló ti ń kọ́ ọ, láti àga ẹ̀yìn. Bí bàbá bá ń bú bọ́ọ̀sì, ó ń gbọ́. Bí ìyá bá ń tẹ fèrè mọ́ ẹlẹ́sẹ̀, ó ń rí i. Kí ẹ má rò pé mò ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, takisí kan já wọ iwájú mi ní Mọ́kọ́lá, èébú kan sì bọ́ lẹ́nu mi tí n kò ní kọ síbí. Ọmọ ọmọ mi wà lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí àbúrò rẹ̀ gba iwájú rẹ̀ lọ sí ibi tẹlifíṣọ̀n, ó ki èébú náà fún un, pẹ̀lú ohùn mi gan-an. Àwọn àgbà ní, "Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ." Takisí yẹn kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí mo sọ.

Ohun tí mo wá ń ṣe pẹ̀lú rẹ̀ nísinsìnyí, ẹ̀yin olùkọ́ lè lò ó fún kíláàsì bí ẹ bá ń kó ọmọ lọ ìrìn-àjò ẹ̀kọ́. Bí ọkọ̀ kan bá wà níwájú wa, a ó yan òpó iná kan létí ọ̀nà. Bí ìdí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá òpó náà, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kà ní èdè Yorùbá, láìkánjú: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Bí imú ọkọ̀ wa bá dé ibi òpó kí ó tó ka ẹẹ́ta, a ti sún mọ́ wọn jù, mo gbọ́dọ̀ rọra. Bí ó bá jẹ́ àwa ni wọ́n lẹ̀ mọ́ lẹ́yìn, á yíjú padà, á kà fún ẹni náà pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́. Nígbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀, n kì í tẹ bíréèkì láti fi bá a jà. Mo máa ń fi àyè tó pọ̀ sí i sílẹ̀ níwájú kí n má baà ní láti dúró lójijì, mo máa ń tan iná ìyàbàrá ọ̀tún, mo sì máa ń wá ibi tó tẹ́jú kí n yà fún un.

Ní oṣù tó kọjá, bọ́ọ̀sì kan kọjá lára wa báyìí nítòsí Ìkirè. Bí ó ṣe bá wa dọ́gba, ọmọ náà tẹ orí rẹ̀ mọ́ fèrèsé, ó wo awakọ̀ lójú, ó sì kí i pé, "Ẹ káàsán, sà!" Awakọ̀ náà kò gbọ́, gíláàsì wà ní pípadé. Ṣùgbọ́n ó rí ojú ọmọ. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì dúró díẹ̀ kí ó tó bọ́ sí iwájú wa.